Ọ̀nà Tí Iná Ń Gbà Dé Ilẹ̀

Ní Douala, ní àwọn ọdún 1970, físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Bí mo bá ti délé, ìyá ọkọ mi á bi mí pé kí ni mo tún ń kọ́ nípa iná tí àwọn ń tàn láìkàwé. Inú máa ń bí mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, omi kún àárín àgbàlá. Àbúrò ọkọ mi, ọkọ ìyàwó tuntun, ti ọjà Sandaga dé, ó ní kí òun bá wa ká aṣọ. A ò mọ̀ pé wáyà iná ti já lé irin tí a ń sá aṣọ sí. Bó ṣe di irin náà mú, ọwọ́ rẹ̀ kò tú mọ́. Ó ń gbọ̀n, kò lè ké.

Ará ilé kan sáré lọ pe onílé, torí inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ la ti ń pa iná. Màmá, ìyá ọkọ mi, gbé garawa omi. Ẹni tó bá dákú, omi la máa ń dà sí i lára. Mo já garawa náà gbà. Igi gbígbẹ gígùn kan ṣoṣo tó wà nítòsí ni ọ̀pá tí a so ìgbálẹ̀ mọ́, èyí tí a fi ń gbá àjà. Mo gbé e. Màmá di orí kejì mú.

"Ìgbálẹ̀ kẹ̀? O fẹ́ fi ìgbálẹ̀ na ọkùnrin tí kò tíì bímọ? O fẹ́ sọ ọmọ mi di akúra?"

"Màmá, c'est le courant! Le bois sec…" Faransé tí mo fi ń kọ́ni ní kíláàsì ló ń jáde lẹ́nu mi, kò yé wọn. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo tún un sọ:

"Màmá, ilẹ̀ ni iná yìí ń wá lọ. Ọmọ yín ló fi ṣe ọ̀nà. Irin, ọ̀nà ni. Omi, ọ̀nà ni. Ara èèyàn, ọ̀nà ni. Igi gbígbẹ ni kì í yà fún un. Ẹ jẹ́ kí n fi lé e kúrò lójú ọ̀nà!"

Wọ́n wo ojú mi, wọ́n sì tú ọwọ́.

Mo gun àpótí ìjókòó kan kí ẹsẹ̀ mi má bàa kan ilẹ̀ tútù, mo fi gbogbo agbára gbá a lọ́wọ́. Irin náà já sínú omi. Òun náà ṣubú sẹ́yìn, sórí òkìtì iyanrìn tó wà lódìkejì omi náà. Kò mira.

Mo ju ọ̀pá sílẹ̀, mo fò kúrò lórí àpótí, mo fẹ́ sáré lọ bá a. Màmá fa ìró mi gbà-á.

"Ìyàwó, omi! Ṣé ìwọ kọ́ lo ní ọ̀nà ni?"

Omi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi. A dúró síbẹ̀, tìyá-tìyàwó, à ń wò ó, títí rédíò inú yàrá fi dákẹ́ lójijì. Onílé ti pa iná. Ìgbà náà la tó sáré. Àbúrò ọkọ mi wúkọ́, ó mí kanlẹ̀. Mo bú sẹ́kún. Màmá gbé orí rẹ̀ lé itan, wọ́n ń pe oríkì rẹ̀, wọn kò sì tíì tú ìró mi sílẹ̀.