Dókítà Inú Kọ̀ǹpútà

Ilé wa ní Uwasota ni ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bí kú sí. Láti ìgbà náà ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́nà ọ̀fun ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní báńkì ló júwe dókítà kan fún un, tó ń tọ́jú ìbànújẹ́ ọkàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n mi á tilẹ̀kùn mọ́rí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀, á máa sọ̀rọ̀, á máa sunkún. Tó bá jáde, á jẹun díẹ̀.

Ìyá wa gbọ́ ẹkún náà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Dókítà wo ni kì í fọwọ́ kan aláìsàn? Ṣé kó máa pa ọmọ mi lẹ́kún niṣẹ́ tiẹ̀?” Ló bá gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ìjọ àwa Yorùbá ní Iyaro. Kọ̀ǹpútà o! Àwọn àgbààgbà gbé e sórí pẹpẹ, wọ́n da omi àdúrà lé e lórí. Kò tàn mọ́.

Nígbà tí ìyá wa gbé e padà wálé, ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ fún un, ó ní, “Ẹ ṣé, mà.” Kò sunkún mọ́, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyá wa jó bọ́ síwájú, ó jẹ́rìí pé ẹkún ti dá nílé wa. Àmín ìjọ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé. Èmi tí mo di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú, egungun lásán ni mo dì mú.