Garawa Tó Mú Ìlẹ̀kẹ̀ Dán

Kékeré ni mo wà, ní Ajégúnlẹ̀, nígbà tí ìyá mi sọ mí ní Ìyá Kí-ló-dé. Kò sí ohun tí n kì í béèrè. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà láyé ìgbà yẹn, ẹ mọ̀ pé ìbéèrè àpọ̀jù a máa fa ìyà. Mo jẹ tèmi yó.

Bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá Malu Road, níbi tó ti ń fi pákó àpótí ẹrù wáàfù ṣe ìlẹ̀kẹ̀ igi. Àwọn Mùsùlùmí ń rà á fún tẹ̀sùbáà, àwọn Àgùdà ń rà á fún rosárì. Gígé rẹ̀ àti lílu ihò sí i kì í pẹ́. Mímú un dán ló ń pa bàbá mi: ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń fi sáńpépà ha. Eruku igi ò yọ ẹ̀bà alẹ́ wa pàápàá sílẹ̀.

Lọ́dún kan, ààwẹ̀ Ramadan àti Lẹ́ńtì fẹ́ bọ́ sí àsìkò kan náà. Ṣọ́ọ̀ṣì gbé iṣẹ́ wá, mọ́ṣáláṣí gbé iṣẹ́ wá, bàbá mi sì gba méjèèjì. Kò pẹ́ tí awọ orí ìka rẹ̀ fi bó débi pé kò lè bu òkèlè. Ó sọ fún ìyá mi pé òun máa dá iṣẹ́ oníṣẹ́ padà, òun ò sì ní ṣe ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ láyé òun. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ò jẹ́ kí n sinmi: ta ló ń fi sáńpépà ha òkúta wẹ́wẹ́ etí omi tó fi ń dán? Ìyá mi ní kò sẹ́ni tó ń ha á, omi ló ń yí wọn lura wọn. Ni mo bá bu ìlẹ̀kẹ̀ sínú garawa ọ̀dà, mo da àjákù sáńpépà àti yanrìn gbígbẹ lé e, mo sì dé e pa. Àwa ọmọ àdúgbò wá sọ ọ́ di bọ́ọ̀lù, à ń gbá a lọ, à ń gbá a bọ̀, títí di ìrọ̀lẹ́.

Bàbá mi gbọ́ bó ṣe ń dún, ó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó yọ bẹ́líìtì. Mo ti ń sunkún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ṣí garawa, ó mú ìlẹ̀kẹ̀ kan, ó fi ra ẹ̀rẹ̀kẹ́, torí ìka rẹ̀ ò lè mọ̀ bóyá ó ti dán. Ó tún mú òmíràn. Lẹ́yìn náà ló dé garawa, ó gbé e kalẹ̀ níwájú wa.

Ó ní, "Ẹ tún un gbá."

Kí ààwẹ̀ tó wọlé, oníkálukú ti gba iṣẹ́ rẹ̀. Ìka bàbá mi sì jiná.

Lónìí, ìlẹ̀kẹ̀ oníke ló kún ìgboro. Àwọn ọmọ wa náà, fóònù ló ń dá wọn lóhùn, wọn ò tiẹ̀ jẹ ìyà kankan kí wọ́n tó mọ nǹkan. Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi obìnrin mú tẹ̀sùbáà tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, ó ní kí ni wọ́n ṣe sí i tó fi dán báyìí. Ó ti ń nawọ́ sí fóònù. Mo ní kó gbé e sílẹ̀, kó lọ bá mi wá garawa tó ní ìdérí.