Díkódà Tí Mo Gbé Lọ sí Òkè Dásà

Aago mẹ́rin àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo jáde nílé wa ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn tí èmi àti ìyàwó mi ti kúnlẹ̀ gbàdúrà. Ẹrù méjì ni mo gbé. Ọ̀kan jẹ́ àpò aṣọ. Èkejì jẹ́ díkódà tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú àwo rẹ̀, tí ìyàwó mi fi ògbólógbòó ìró wé bí ọmọ tuntun. Abúlé kan lápá Tré ni mò ń gbé e lọ, láàárín àwọn òkè Dásà, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tí àwọn àgbà wa ṣì ń pè ní Dàhòmì. Ní ọjọ́ Sátidé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan yóò ju bọ́ọ̀lù ní Japan, bàbá rẹ̀ sì fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹ̀gbọ́n Banabé kì í ṣe ọmọ ìyá mi. Nígbà èwe rẹ̀ ló wá ṣiṣẹ́ oko fún bàbá mi. Ọdún mẹ́fà ló fi gbé inú ilé wa, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ Yorùbá. Nígbà tó padà sílé, ó di katikíìsì, ìyẹn ẹni tó ń kọ́ àwọn ará ìjọ Kátólíìkì ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Ó máa ń rán ọmọ rẹ̀ Paskáàlì wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wa, èmi ni mo kọ́ ọmọ náà ní bésíbọ́ọ̀lù. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré, ẹnì kejì á fi igi gbá a, á sì sáré yí ibùdó mẹ́rin ká títí á fi padà sílé. Bí onígi bá gbá a tì lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti jáde nìyẹn. Apá Paskáàlì le. Ó di ọdún mẹ́rin tí àwọn ará Japan ti mú un lọ, bàbá rẹ̀ kò sì tíì fojú kàn án láti ìgbà náà. Inú ẹgbẹ́ kékeré ló wà tẹ́lẹ̀. Sátidé yìí ni yóò kọ́kọ́ jù fún ẹgbẹ́ ńlá.

Àwa tí a fẹ́ràn eré yìí ní ẹgbẹ́ kan lórí fóònù, ẹ̀hónú ló sì pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ wa. Tẹlifíṣọ̀n á fi bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ hàn láàárọ̀, á tún fi èyí tí wọ́n ti gbá lọ́dún tó kọjá hàn lálẹ́. Á fi ìjàkadì hàn, á fi àwọn tó jókòó ta káàdì hàn. Bésíbọ́ọ̀lù? Rárá o. A ti kọ lẹ́tà, a ti tẹ̀ wọ́n láago. Obìnrin tó gbé fóònù bi mí pé, “Sà, ṣé ẹ ò kúkú lè wo bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni?” Nítorí náà, nígbà tí ilé iṣẹ́ kan kọ ọ́ sínú ìlànà ètò wọn pé àwọn yóò fi eré ti Japan yìí hàn ní aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì lọ ra díkódà.

Ọ̀nà Ìmẹ̀kọ ni mo gbà. Ilẹ̀ ti mọ́ dáadáa kí a tó dé ẹnubodè Ìlárá. Òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ti òdìkejì, tí wọ́n ń pè ní dùwáníyè, tú ìró ìyàwó mi wò.

“Bàbá, kí lẹ pọ̀n báyìí?”

“Díkódà ni, ọ̀gá. A fẹ́ fi wo bésíbọ́ọ̀lù.”

“Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

Mo ṣàlàyé fún un, títí dé orí ibùdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi. “Ẹ gbé díkódà láti Abẹ́òkúta lọ sí Dásà, nítorí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún onígi ní Japan?” Ó di ẹrù náà padà fúnra rẹ̀. “Ẹ máa lọ, bàbá. Ẹni tó bá fẹ́ parọ́ kò ní wá irú èyí.”

Láti Kétu, a gba Kové dé Bohicon ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta owó sẹ́fà, èèyàn mẹ́rin lẹ́yìn, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Bẹntiróòlù inú ìgò tò sí ẹ̀gbẹ́ títì bí ẹni pàtẹ òróró. Dírẹ́bà sọ pé láti ọ̀dọ̀ tiwa ni bẹntiróòlù náà ti wá, mo sì kí i bí ará ilé. Ní Bohicon mo wọ ọkọ̀ mìíràn. Nígbà tí a kọjá Paouignan, àwọn òkè bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí. Ọmọ Abẹ́òkúta kì í ya ẹnu sí àpáta, ṣùgbọ́n mo ya ẹnu. Olúmọ kan ṣoṣo là ń fi yangàn nílé; níbí, wọ́n pọ̀ bí ebè.

Ní Dásà, mo gun zémíjàn, ìyẹn ọ̀kadà tiwọn. Ní èdè Fọ̀n, ó túmọ̀ sí pé “tètè gbé mi.” Ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ ló gbà dé abúlé. Idaasha, èdè ìbílẹ̀ Dásà, ni ọlọ́kadà náà ń sọ, èmi ń sọ Yorùbá. Bí a bá ti rọra sọ ọ́, a ń gbọ́ ara wa. Ó wo àwo tó wà léjìká mi. “Bàbá, ẹ di èmi mú o. Bí atẹ́gùn bá gbé àwo yẹn, ẹ̀yin náà á fò.”

Ẹ̀gbọ́n Banabé ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Orí rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n bó ṣe ń rẹ́rìn-ín nínú oko bàbá mi náà ló ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Paskáàlì, gún iyán, ó fi ọbẹ̀ ẹ̀pà tì í, pẹ̀lú wàgásì, wàrà àwọn Fúlàní tí wọ́n dín títí tó fi pọ́n. Kí a tó bu òkèlè, agogo ṣọ́ọ̀ṣì dún, gbogbo ilé sì dìde dúró láti gbàdúrà. Ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n ti tọ́ mi, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Èmi náà dìde.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Lúkà káfíńtà, àbúrò Ìyá Paskáàlì, bá mi kan àwo mọ́ ògiri. Àwòrán jáde lójú tẹlifíṣọ̀n Ẹ̀gbọ́n, ó mọ́ kedere. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ kan gíláàsì náà díẹ̀.

Ní aago mẹ́wàá Sátidé, àwọn ará abúlé ti gbé àga wá kún àgbàlá. A tan tẹlifíṣọ̀n. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni, èyí tí wọ́n ti gbá lọ́dún tó kọjá. Mo ní yóò yí padà láìpẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ètò ti yí, kí a má bínú.

Lúkà na ìka sí i. “Nínú àwọn tó ń sáré yìí, èwo ni Paskáàlì?”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo Ẹ̀gbọ́n.

“Ó ti tó, àbúrò,” ó ní. “O gbìyànjú.”

“Ó ti tó báwo?” Ìyá Paskáàlì ló fọhùn. “Nígbà tí Àgàtà ọmọ wa bímọ ní Kùtọnu, ṣé tẹlifíṣọ̀n ló sọ fún wa? Ṣé kì í ṣe láti orí àpáta ni?”

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé èyí fún yín. Kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì nínú abúlé náà. Àpáta ńlá kan wà lẹ́yìn ilé, orí rẹ̀ nìkan ni fóònù ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá gba ìròyìn níbẹ̀ kì í sọ̀ kalẹ̀ wá sọ ọ́; ibẹ̀ ló ti ń ké e, ìbí àti òkú, gbogbo abúlé á gbọ́. Èmi nìkan ni mo mọ òfin eré náà, nítorí náà èmi ni wọ́n tì gun orí àpáta, pẹ̀lú fóònù Ẹ̀gbọ́n. Mo rí ojú ìwé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń fi gbólóhùn kúkúrú kọ ohun tí bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ṣe.

Wọ́n ní bí mo bá ti ń ké e, àwọn yóò máa ṣe é nísàlẹ̀. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí wọ́n ń sá ẹ̀gẹ́ sí ni wọ́n fi ṣe pápá. Òkúta mẹ́rin di ibùdó. Wọ́n di àkísà ní bọ́ọ̀lù. Lúkà gbé ọmọ odó, nítorí kò sí igi mìíràn nítòsí. Mo sì rí Ẹ̀gbọ́n Banabé tó bọ́ fìlà, tó rìn lọ síbi tí ajubọ́ọ̀lù ń dúró.

“Paskáàlì ti wọlé!” ni mo ké. “Bọ́ọ̀lù kìíní! Onígi gbá a tì!”

Ẹ̀gbọ́n jù ú. Lúkà fi ọmọ odó gbá afẹ́fẹ́. Abúlé hó.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é, bọ́ọ̀lù kan lẹ́yìn òmíràn, fún ìpín eré mẹ́ta. Bí wọ́n bá gbá Paskáàlì níbẹ̀, a ń gbá bàbá rẹ̀ níbí, ẹnì kan á sì sáré lọ sí ibùdó. Òógùn bo Ẹ̀gbọ́n. Nígbà tó yá, àwọn alátakò dúró ní mẹ́ta nínú ibùdó mẹ́rin. Onígi kan péré ló kù tí Paskáàlì yóò mú jáde kí ìpín kẹta tó parí, ó sì ti gbá a tì lẹ́ẹ̀mejì. Bọ́ọ̀lù kan ló kù. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sì lọ.

Ẹ̀gbọ́n dúró, bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, apá lókè.

“Ẹ sọ apá kalẹ̀ kí ẹ sinmi,” ìyàwó rẹ̀ ní.

“Paskáàlì kò tíì sinmi.”

Mo gbé fóònù sí òkè, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́, mo ń gbàdúrà. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ náà yọ. “Ó gbá a tì! Ó ti jáde!”

Ẹ̀gbọ́n jù ú. Ìdùnnú ti gba Lúkà lọ́kàn, ó gbàgbé pé ó yẹ kí òun gbá a tì. Ó fi gbogbo agbára gbá a, bọ́ọ̀lù sì fò kọjá orí ilé.

“Lúkà!” abúlé ké. “O ti ba eré jẹ́!”

“Ẹ lọ mú un wá,” ni Ẹ̀gbọ́n wí. “Kò rí bẹ́ẹ̀. A ò ní parọ́ mọ́ ọmọ mi.”

Wọ́n wá bọ́ọ̀lù náà rí. Ó tún un jù, Lúkà sì gbá a tì bó ti yẹ.

Ní aago mẹ́ta, fóònù dún lọ́wọ́ mi lórí àpáta. Ẹ̀gbọ́n gun òkè pẹ̀lú ọwọ́ òsì nìkan, ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e pẹ̀lú igbá òrí.

“Bàbá, ṣé ẹ rí mi?”

“N kò rí ọ, ọmọ mi. Wọn ò fi ọ́ hàn. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún mi ń ro mí láti èjìká dé ìka.”

Ohùn Paskáàlì rọlẹ̀. “Èmi náà, Bàbá. Wọ́n ń gbé yìnyín lé e báyìí.”

“Ìyá rẹ ń fi òrí ra tèmi.”

Mo bá wọn lọ sí Máàsì lọ́jọ́ Àìkú, mo sì dé ilé ní ìrọ̀lẹ́ Ajé, pẹ̀lú iṣu mẹ́rin àti wàgásì. Mo fi díkódà náà sílẹ̀ fún Lúkà, ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. A ó ṣì máa kọ lẹ́tà sí àwọn onítẹlifíṣọ̀n, nítorí ó yẹ kí bàbá rí ọmọ rẹ̀. Ìyàwó mi bi mí bí ìrìn àjò ṣe rí, ṣùgbọ́n ohùn mi ti há nítorí igbe orí àpáta, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ojú ni mo rò pé mò ń gbé lọ fún wọn. Ẹnu ni Ọlọ́run wá lò, mo sì dúpẹ́ pé ó lò ó.