Erékùṣù Olórúkọ Mẹ́ta

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìbàdàn, ẹ̀yin ọmọ mi, olùkọ́ wa kan fẹ́ràn àwòrán ilẹ̀ ayé ju oúnjẹ lọ. Lọ́jọ́ kan, ó fi pàṣán rẹ̀ tọ́ka sí erékùṣù kékeré kan nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí òtútù ti ń sọ òkun di yìnyín. Òkúta lásán ni, ẹyẹ nìkan ló ń gbé ibẹ̀, síbẹ̀ orúkọ mẹ́ta ló ní. Àwọn atukọ̀ tó kọ́kọ́ rí i fi orúkọ ọba wọn pè é. Àwọn kejì dé nínú kùrukùru, wọ́n rò pé àwọn ni àkọ́kọ́, wọ́n fi orúkọ ìyàwó ọ̀gá wọn sọ ọ́. Àwọn kẹta mọ̀ pé ó ti lórúkọ, wọ́n kàn fi tiwọn lé e ni. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó sùn níbẹ̀ mọ́jú.

Mo sáré lọ sọ ọ́ fún ìyá mi. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí àárọ̀ tí kì í pe oríkì mi kí n tó bọ́jú.

Ó ní, "Orúkọ mẹ́ta, kò sẹ́ni tó ń pè é? A jẹ́ pé kò lórúkọ nìyẹn. Tí mo bá kú, fi oríkì mi fún ọmọ kan, kí o sì máa pè é o."

Mo ṣèlérí.

New Carrollton ni mo wà báyìí, ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, nílé ọmọ mi ọkùnrin. Láti Ìbàdàn ni mo ti fi fóònù sọ ọmọ rẹ̀ obìnrin lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ. Oríkì ìyá mi ni mo fún un, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìbí rẹ̀. Ó ti pé ọmọ ogún ọdún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jókòó tì mí, ó ní òun ti ní kí kóòtù yọ oríkì náà kúrò lára orúkọ òun.

"Grandpa, ẹ má bínú. Nobody ever calls me that."

Mo fẹ́ bá a wí, àmọ́ èmi náà kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún méje rèé tí mo ti ń bá wọn gbé. Láti ìgbà tó ṣì ń wọ bọ́ọ̀sì iléèwé ni mo ti ń fi orúkọ òyìnbó rẹ̀ pè é láràárọ̀, torí ìyẹn ló tètè máa ń dáhùn sí, kí bọ́ọ̀sì má baà fi í sílẹ̀. Láyé ìyá mi, kò sí bí a ṣe lè kánjú tó, a kì í fo oríkì. Ayé ti yí, èmi náà sì bá a yí. Ọkàn mi bàjẹ́ gidi.

Láàárọ̀ yìí, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo pe oríkì náà lẹ́ẹ̀mẹta. Kò mọ̀ pé òun ni mo ń pè.