Ìdọ̀bálẹ̀ Ọládùnjoyè

Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ìrònú lè di ẹ̀yìn géńdé bí ẹni di ìdì igi, ẹ má jiyàn. Ó ṣe Ọládùnjoyè, ọmọ Ìkìrun, tó ń wa katapílà níbi tí wọ́n ti ń la títì ní Jabi nílùú Àbújá, lọ́dún 1986.

Iṣẹ́ yẹn gan-an ló dá a dùbúlẹ̀. Awakọ̀ méjì lọ, wọn ò fi ẹnikẹ́ni rọ́pò wọn, iṣẹ́ ẹni mẹ́ta wá já lé e lórí. Àwọn ọ̀gá ń pariwo pé títì gbọ́dọ̀ parí kí òjò tó dé. Kò rí oorun sùn mọ́. Bí Ìbídùnní ìyàwó rẹ̀, ìyá Ọláídé, bá sọ̀rọ̀, yóò jágbe mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ẹni jẹ́jẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, lórí katapílà níbẹ̀, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ sì gan pátápátá. Gbígbé ni wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, kò rí egungun tó dá. Ó ní àpọ̀jù iṣẹ́ àti ìdààmú ọkàn ni, kó lọ sinmi.

Ó sinmi lóòótọ́! Àfi bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ ẹní. Àánú àwa Yorùbá náà pọ̀ jù. Gbogbo ará ìlú rẹ̀ tó wá kí i ní Karmo tó ń gbé, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu wọn: "Má dìde o! Má dọ̀bálẹ̀ o! Ìlera loògùn ọrọ̀." Àgbà tó yẹ kó dọ̀bálẹ̀ fún ló ń tẹ̀ ẹ́ padà sórí ẹní. Ẹ̀yìn náà wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìgbà náà ni fóòmàn wọn, Àlàájì Jàbárù, ránṣẹ́ pé tí òjò ọdún náà bá dáwọ́ dúró, tí Ọládùnjoyè ò bá lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun katapílà, ẹlòmíràn ni yóò gba àga rẹ̀.

Ọkùnrin náà sunkún. Mo ní ó sunkún! Iṣẹ́ yẹn nìkan ló mọ̀, òun ló sì fi ń jẹ́ ọkùnrin lójú ara rẹ̀.

Dókítà wá ní kó lọ bá Rẹ̀mí Ọbayẹmí, físíò kan nílé ìwòsàn, ọmọbìnrin Kàbà tó ń fi ọwọ́ àti eré ìdárayá dá ara tó ti gan padà. Rẹ̀mí tẹ èjìká rẹ̀, ó kígbe: "Háà! Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ariwo ọ̀gá yín lẹ kó jọ síbí." Ó kọ́ ọ bí yóò ṣe máa mí wọnú, tí yóò sì rọra mí síta kí èjìká lè wálẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi í:

"Ìgbà wo lẹ dọ̀bálẹ̀ kẹ́yìn?"

Ọládùnjoyè wolẹ̀. "Wọn ò jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ látìgbà tó ti ṣe mí."

"Ẹ ò rí i! Oògùn yín ni wọ́n fi àánú gbà lọ́wọ́ yín yẹn. Láràárọ̀, ẹ máa dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kẹ́ ẹ fọwọ́ ti ara yín dìde. Díẹ̀díẹ̀ ni o."

"Ta ni n ó máa dọ̀bálẹ̀ fún nínú ilé ara mi?"

"Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún iṣẹ́ yín."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú ìkérora. Ìbídùnní á dúró tì í kó má baà ṣubú. Wọ́n ṣílẹ̀kùn nítorí ooru, ni Gàníyátù ará ilé kejì bá rí géńdé tó dojú bolẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kíá ló kó àwọn obìnrin àdúgbò wá, gbogbo wọn kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀: "Ìyá Ọláídé, ẹ jọ̀ọ́, ó ti tó! Ohun yòówù kó ṣe, ẹ foríjì í!" Kai! Ìbídùnní rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọládùnjoyè náà bú sẹ́rìn-ín nílẹ̀ níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Láti ọjọ́ náà, kò gbà kí ẹnikẹ́ni dá a dúró mọ́. Àgbàlagbà tó bá pàdé ní Karmo, ó di gbalaja. Àwọn kan ní ṣé ó tún ń wá ìyàwó ni. Ó ń dìde, ó ń gbọn eruku.

Nígbà tí òjò dá, ó gba Jabi lọ. Ó wo orí katapílà. Ẹlòmíràn ti wà lórí àga rẹ̀! Ó dúró, ó mí wọnú, ó rọra mí síta. Jàbárù rí i.

"Pẹ̀lẹ́, Ọládùnjoyè. Má dọ̀bálẹ̀ o, ara rẹ..."

Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà ti nà sórí yẹ̀ẹ̀pẹ̀ pupa. "Ẹ káàárọ̀ o, Àlàájì!" Ẹnu ya Jàbárù débi pé ó gbàgbé láti ní kó dìde. Àwọn lébìrà sáré wá láti gbé e.

"Ẹ fi mí sílẹ̀!"

"Dìde, ọmọ mi," ni Jàbárù wí nígbẹ̀yìn.

Ó dìde, kò di ẹnikẹ́ni mú. Jàbárù gbójú sókè: "Ìwọ, sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀! Onílé dé." Ọládùnjoyè gun katapílà, ó di irin mú, ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. Ẹ̀rọ bú ramúramù, àwọn lébìrà hó yèè. Ẹni tó sọ̀kalẹ̀ yẹn náà ò lọ. Jàbárù ní kí àwọn méjèèjì jọ máa pín iṣẹ́ náà, torí Rẹ̀mí ti kọ̀wé kìlọ̀ fún un pé Ọládùnjoyè ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ẹni mẹ́ta mọ́.

Nígbà tó délé, Ìbídùnní rí yẹ̀ẹ̀pẹ̀ pupa láti àyà rẹ̀ dé orúnkún. "Yéè! Mo gbé! Ó ti ṣubú!"

"N ò ṣubú. Mo dọ̀bálẹ̀ ni, mo sì dìde. Wọ́n ti fún mi ní àga mi padà."

Ìbídùnní bọ́ ẹ̀wù náà lọ́rùn rẹ̀, kò fọ̀ ọ́. Tòun ti yẹ̀ẹ̀pẹ̀ ló fi kọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí wọ́n lọ pe Gàníyátù wá wo ibi tí ìdọ̀bálẹ̀ gbé ọkọ òun dé.