Ipasẹ̀ Bàtà Ọkọ Wa

Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé òun kì í jowú, ẹ bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ ìyàwó tó mọ kéwú rí. Tèmi fẹ́ ọ̀kan. Nígbà yẹn, kọmáńdàǹ Faransé ló ń pàṣẹ ní ìlú Bouaké, àdúgbò N'Gattakro níbẹ̀ là ń gbé. Èmi àti ọkọ wa ti jọ ń kó abọ́ tánganran lọ tà lọ́jà Béoumi tipẹ́ kí ìyàwó tó ti Ìlọrin dé. Orí mi ni mo fi ru ẹrù náà. Ìyàwó kò ru nǹkan kan ju wàláà tó fi ń ké kéwú lọ.

Lẹ́yìn ìrun àlàásárì, àáfà àdúgbò wa a máa wá bá ọkọ wa jókòó níwájú ilé. Lọ́jọ́ kan, àáfà ní làákàyè nìkan tó láti fi mọ̀ pé Ọlọ́run wà: ẹni tó rí ipasẹ̀ lórí iyanrìn mọ̀ pé ẹnìkan kọjá, ẹni tó bá sì rí ayé mọ̀ pé ẹnìkan ló dá a. Mo ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́, mo ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àfi bí ìyàwó ṣe fọhùn lẹ́yìn aṣọ ìkélé.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àáfà, àwọn onímọ̀ àtijọ́ kan kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ipasẹ̀ lè sọ pé nǹkan kan kọjá. Ṣé ó lè sọ pé ẹyọ ẹnìkan ni? Ṣé ó lè sọ pé onítọ̀hún ń gbọ́ wa bí a bá pè é? Wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ni làákàyè ń sinni dé. Bí onílé kò bá ránṣẹ́ síni, a ò lè mọ̀ ọ́n."

Ọkọ wa rẹ́rìn-ín, ojú wọn ń dán. Mo mọ ẹ̀rín yẹn. Èmi ni wọ́n máa ń rín in fún tẹ́lẹ̀, bí mo bá ta ọjà tí ẹnikẹ́ni ò rò pé yóò tà. Owú gbé mi dé ibi pé òkúta tí mo ṣà kúrò nínú ìrẹsì, inú ìrẹsì náà ni mo dà á padà sí.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, eruku bo àgbàlá. Lọ́jọ́ kan, ó kàn mí láti se oúnjẹ kí n sì sùn ní yàrá ọkọ wa. Mo jí ní ìdájí, n kò bá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo jáde, mo rí ipasẹ̀ bàtà tí wọ́n fi ń rìn nínú ilé. Ó ti ẹnu ọ̀nà wọn lọ tààrà sí ti ìyàwó, bàtà náà gan-an sì wà níbẹ̀. N kò wá ipasẹ̀ mìíràn. Ọjọ́ tó bá kàn mí yìí nìkan ló ṣẹ́kù fún mi nínú ilé yẹn. Bí wọ́n bá tún ń jí ìyẹn fún un, kí ni mo wá jẹ́?

Nírọ̀lẹ́, mo gbé ẹjọ́ náà síwájú àáfà, lójú ọkọ wa. Mo ro ti ipasẹ̀, mo ro ti bàtà. Ọkọ wa ní mọ́ṣáláṣí làwọn lọ, bàtà mìíràn làwọn wọ̀. N kò gbà.

Ìyàwó jáde wá, ó kúnlẹ̀.

"Ìyáalé mi, ẹ má bínú. Èmi ni. Mo wá bu omi àlùwàlá lẹ́nu ọ̀nà wọn, ilẹ̀ tutù, ni mo bá ki ẹsẹ̀ bọ bàtà wọn padà sí yàrá mi."

Àáfà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọ̀rọ̀ ti parí. Èmi ń wo ojú ọkọ wa. Kí n tó wọlé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá mi kìlọ̀ fún mi pé ìyàwó kì í ki ẹsẹ̀ bọ bàtà ọkọ. Mo ń retí kí wọ́n bá a wí.

Wọ́n ní kí ó máa rọra, bàtà náà tóbi, kí ó má lọ gbé e ṣubú.

Láti ọjọ́ tí mo ti wà lọ́dọ̀ wọn, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń gbé bàtà yẹn.