Kásẹ́ẹ̀tì Dùùrù Sàlàkọ́

Ìjà Sàlàkọ́ àti Àjàgbé télọ̀ lórí kásẹ́ẹ̀tì dùùrù, gbogbo Ìyànà Ìbà ló ṣì ń rántí ẹ̀. Sàlàkọ́ ń ta kásẹ́ẹ̀tì nínú ṣọ́ọ̀bù kan létí títì níbẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1988. Àjàgbé ra ọ̀kan tí wọ́n ya òyìnbó onídùùrù sí lára. Ọjọ́ kejì, ó gbé e padà wá.

"Bọ̀dá Sàlàkọ́, ẹ rẹ́ mi jẹ. Orin kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀! Ó kàn ń tẹ̀ ẹ́ lọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀ ni."

"Orin kan ni lóòótọ́. Ó ń pààrọ̀ aṣọ fún un ni. Bó o bá wọ bùbá lónìí, tó o wọ dàńṣíkí lọ́la, ṣé ìwọ kọ́ ni?"

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n mi ò gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó wò mí."

Sàlàkọ́ gba kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀, kò sì tà á mọ́. Òun fúnra ẹ̀ ló wá ń gbọ́ ọ láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń mi orí sí i. Oníbàárà kan tó wá ra fújì bi í léèrè ìgbà tí olórin máa bẹ̀rẹ̀. Sàlàkọ́ ní kó jókòó, kó ní sùúrù. Ọkùnrin náà jókòó títí bátìrì fi kú.

Adéjọkẹ́ ìyàwó ẹ̀ ń ta bọ́tìnì àti òwú ìránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà. Àwọn oníbàárà tiẹ̀ náà ti ń sá. Ó kìlọ̀ títí. Nígbà tó sú u, ó di ẹrù ẹ̀, ó kọjá sílé Ọlátúnjí, ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ní Ìbà Housing Estate.

"Bàbá Adéníyì, ẹ kúkú fi dùùrù yẹn ṣaya."

Ilé dá páropáro. Sàlàkọ́ wá ń dá ọbẹ̀ sè. Ó lọ bẹ̀bẹ̀. Ọlátúnjí ní ọkọ kì í dá ìyàwó bẹ̀, kó lọ kó àgbà wá. Ó kó mẹ́ta wá, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn.

Bàbá Abọ́lá, onílé wọn, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́: "Ìyá Adéníyì, jọ̀ọ́, máa bọ̀ nílé."

Ìyá Ọmọ́yẹlé, aládùúgbò wọn, gbà á pẹ̀lú omijé: "Ọmọ mi, nítorí Adéníyì, máa bọ̀ nílé o!"

Àáfà àdúgbò wọn fi àwàdà sí i: "Ìyàwó, ọbẹ̀ tí ọkọ ẹ ń dá sè, ajá ò lè lá a. Máa bọ̀ nílé!"

Sàlàkọ́ gbórí sókè nílẹ̀ tó wà.

"Ẹ ò rí i! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni! Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń pààrọ̀ aṣọ fún un! Bó ṣe wà nínú kásẹ́ẹ̀tì gan-an nìyẹn!"

Àáfà fi fìlà bojú. Ọlátúnjí dìde, ó ní ẹ̀bẹ̀ ti bàjẹ́, kí wọ́n máa lọ.

Adéjọkẹ́ ò dìde. Ó ń wo ọkọ ẹ̀.

"Àgbà mẹ́ta ti sọ tiwọn. Tiyín ńkọ́?"

Sàlàkọ́ dìde jókòó nílẹ̀ níbẹ̀, ó wojú ẹ̀.

"Jọkẹ́, ilé ò dùn."

Adéjọkẹ́ wọlé lọ kó ẹrù ẹ̀. Ó ní àárọ̀ nìkan ni dùùrù lè máa dún, kí oníbàárà tó dé. Sàlàkọ́ ní kó fi ìrọ̀lẹ́ kún un. Wọ́n ná an láti Estate títí dé Ìyànà Ìbà, kò fi kún un.

Sàlàkọ́ kú lọ́dún 1996. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n bi Adéjọkẹ́ bóyá òun náà padà fẹ́ràn dùùrù yẹn.

Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o. Ẹni tó ń mi orí sí i ni mo fẹ́ràn."